Bí A Ti Í Ka Ìwé Iṣẹ́ Àwọn Atukọ̀ Ogun

Nínú àpótí ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń rí ìwé kan tí ó ti gbó, tí a kọ orúkọ baba ńlá wọn sí, àti orúkọ àwọn ọkọ̀ ogun tí ó ti sìn. Àwọn ọmọ a máa gbé e yẹ̀ wò, wọn a sì máa ṣì í kà. Wọ́n rí i níbẹ̀ pé a dá baba náà sílẹ̀, wọ́n sì rò pé a lé e ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí atukọ̀ bá kúrò nínú ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ohun tí akọ̀wé ń kọ nìyẹn: lẹ́tà D kan ṣoṣo. Bí D bá di méjì, ọkùnrin náà ti kú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ R, a ní ó sá lọ ni, ó sì ti pàdánù owó iṣẹ́ tí ó kù fún un. Aya àti ọmọ rẹ̀ kò ní rí i gbà. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń bẹ àwọn aláṣẹ nígbà àtijọ́ pé kí wọn pa R kan rẹ́, nígbà tí ó bá jẹ́ pé àìsàn ni ó dá ọkùnrin náà dúró ní èbúté.

Orúkọ ọkọ̀ pẹ̀lú a máa tan ni jẹ. Ẹnìkan rí Victory, ó sì ń yangàn pé baba òun sìn nínú ọkọ̀ tí Nelson kú sí ní 1805. Ilé àwọn atukọ̀ lórí ilẹ̀ ní Portsmouth ni ó ń jẹ́ orúkọ náà nígbà kan rí. Ti Chatham ń jẹ́ Pembroke nígbà náà. Ènìyàn lè pẹ́ nínú irú “ọkọ̀” bẹ́ẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan omi òkun.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jùlọ ni igun ìwé. Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, a tẹ̀ ẹ́ sára ìwé ẹ̀rí atukọ̀ pé bí a bá dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ìwà búburú tàbí ìtìjú, kí a gé igun rẹ̀ kúrò. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá yóò rí i. Níbikíbi tí ọkùnrin náà bá ti ń wá iṣẹ́, igun yìí ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó bú òkú, ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá àlùmọ́gàjí ni ó gé e, tàbí eku ni ó jẹ ẹ́. Àṣẹ kan náà ní kí a kọ gígé náà sínú ìwé ìṣirò pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni a ti lè wádìí.

Láti 1853 ni àwọn tí ó bá tọwọ́ bọ̀wé fún ọdún 10 ti ń gba nọ́ńbà tiwọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá pé ọmọ ọdún 18 ni a sì ti ń ka ọdún náà. Ẹni tí ó bá ń wá ará ilé rẹ̀ tí ó ti sìn ṣáájú 1853 gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní etíkun tiwa. Ọkọ̀ ogun Myrmidon ni ó gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, nínú irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni àwọn ará Kru sì ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé lójoojúmọ́, ẹ gbọ́: akọ̀wé ọkọ̀ kì í sáàbà kọ orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ, àwọn mìíràn sì jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Bí ọmọ-ọmọ kan bá ń wá orúkọ Kru, yóò ṣí ìwé náà láti òwúrọ̀ di alẹ́ lásán. Baba ńlá rẹ̀ wà níbẹ̀, a kọ ọ́ ní Bottle of Beer, èyí ni Ìgò Ọtí.