Òpó Mápó Lórí Ìró: Ibi Tí Àwọn Aládìrẹ Ìbàdàn Ti Ń Rí Àwòrán Wọn

Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè ní àárín Ìbàdàn. Ìjọba amúnisìn ló ní kí wọ́n kọ́ ọ, òpó gàgàrà tó wà níwájú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbójú fò ó dá. Àwọn obìnrin aládìrẹ ìlú náà wo òpó wọ̀nyí, wọ́n sì rí ohun mìíràn níbẹ̀. Wọ́n yà wọ́n sórí aṣọ, wọ́n ya ṣíbí sí àárín wọn, wọ́n sì sọ aṣọ náà ní "Ìbàdàn dùn". Ilé ìjọba àti ṣíbí ìjẹun wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìró kan ṣoṣo, ọ̀kan kò ga ju èkejì lọ.

Lóde òní, wọ́n máa ń bi àwọn tó ń ṣe ọnà sára aṣọ léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe tí ọgbọ́n inú wọn kò fi gbẹ. Ẹlòmíràn a ní òun ń rìnrìn àjò ni, ẹlòmíràn a ní òun ń wá ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ. Àwọn aládìrẹ Ìbàdàn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Inú agboolé ni wọ́n ti ń yàwòrán, ọmọ ń sunkún, ọbẹ̀ ń hó lórí iná, ẹni tó gbé aṣọ wá sì ń retí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí yìí, àárín iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti ní láti rí ohun tí wọn yóò yà.

Láti mọ bí wọ́n ṣe rí i, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ohun èlò wọn ti ń wá. Ọ̀pọ̀ agboolé Ìbàdàn ló nílé nílùú, tó sì tún lóko lẹ́yìn odi: ní Ìrókò àti àwọn ìletò Akínyẹlé yòókù tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ọ̀nà-Àrà. Ènìyàn kì í ṣe ará ìlú kó má jẹ́ ará oko. Irú oko bẹ́ẹ̀ ni gbáàgúdá ti ń wá. Wọ́n a sọ ọ́ di láfún, wọ́n a fi láfún náà ro ẹ̀kọ, wọ́n a sì fi álúmù díẹ̀ sí i. Ẹ̀kọ yìí ni "yíǹkì" wọn, ìyẹ́ adìyẹ sì ni kálàmù. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò lára aṣọ funfun ni aró kò ní lè wọ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kí ó lè yàtọ̀ sí àdìrẹ oníko tí wọ́n ń fi okùn dì àti alábẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rán.

Bí aládìrẹ bá parí tirẹ̀, ó di ọwọ́ aláró. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún nínú odó, tí wọ́n ń ṣù roboto, tí wọ́n sì ń sá gbẹ. Wọ́n a sẹ́ omi eérú láti inú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n a rẹ ẹ̀lú sínú omi náà fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kà. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n a ki aṣọ bọ inú aró, wọ́n a sá a, wọ́n a tún kì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi dúdú. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò ní ṣàì kí wọn pé "Àrẹ́dú o!" Ìyá Mápó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ni àwọn àgbà wọn ń bọ.

Ibi tí ohun èlò ti wá ni àwòrán náà ti wá. Ewé gbáàgúdá wà lórí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ gbáàgúdá yà. Ẹyẹ, ejò, àkeekèé, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹní ìsùn náà wà níbẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n rìn jìnnà kí wọ́n tó rí nínú wọn. Adìyẹ tí wọ́n fa ìyẹ́ rẹ̀ tu ṣì lè máa jẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń yàwòrán!

Wọn kì í sì í yà á bó ṣe wù wọ́n. Abala aṣọ méjì ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìró kan, wọ́n a pín in sí onígun mẹ́rin ńlá àti kékeré, onígun kọ̀ọ̀kan a sì gba àwòrán tirẹ̀. Ẹni tó bá ya "Olókun" gbọ́dọ̀ ya ohun tí ará ọjà yóò dá mọ̀ ní Olókun. Àwọn kan gbà pé irú òfin báyìí ń pa ọgbọ́n inú. Aṣọ Olókun fúnra rẹ̀ já irọ́ yẹn, nítorí kò sí méjì tó bára mu délẹ̀délẹ̀. Ẹni tí kò ní láti ronú nípa ìpín aṣọ mọ́ á ráyè ronú nípa bí ìyẹ́ ẹyẹ yóò ṣe rí nínú onígun kékeré kan péré.

Ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Páànù tín-ín-rín ni àwọn ọkùnrin ń gé ní àwòrán, wọ́n a fi ẹ̀kọ ra á lórí aṣọ, iṣẹ́ a sì yá. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè lọ́dún 1935, àwòrán òun àti ayaba rẹ̀ bọ́ sórí àdìrẹ. Ìròyìn ọjọ́ náà di aṣọ. Àwọn oníṣòwò ń ti Sẹ̀nẹ̀gà àti Gold Coast wá ra àdìrẹ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọjà kò dùn títí. Kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó ti ń gba ipò eérú àti ẹ̀lú, àríyànjiyàn lórí wọn sì le débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de lílò wọn. Àwọn aláró kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí lọ́dún 1936. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń jà fún, kì í ṣe ẹwà aṣọ lásán.

Lẹ́yìn òmìnira, kámpálà aláràbarà, tí wọ́n ń fi àbẹ́là yọ́ yà, gba ọjà lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ. Àwọn tó mọ ìyẹ́ adìyẹ lò dín kù. Níkẹ Òkúndayé, tí wọ́n bí ní Ògìdì lọ́dún 1951, wà lára àwọn tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parẹ́. Ó dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1983. Nísinsìnyí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà pẹ̀lú àwòrán àdìrẹ ti kún ọjà, kódà ní Ìtòkú tó jẹ́ ojúlé àdìrẹ. Owó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn aláró, ó sì tọ́ kí wọ́n pariwo. Síbẹ̀, àwòrán tó ti wà nílẹ̀ ni ẹ̀rọ lè jí. Bí ọmọ ilé náà bá sì ń da òpó Mápó kọ láti ọdún dé ọdún, láìwo ohun tó wà níta ilé tirẹ̀, kí ni yóò fi ta ẹ̀rọ yọ?

Ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn. Ibùdó rẹ̀ wà ní Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé kan náà tí Ìrókò wà. Àwọn obìnrin tó ya Mápó kì bá má ti jẹ́ kí rélùwéè yìí kọjá lásán. Wọn ì bá wá onígun kan fún un, bóyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n gbáàgúdá.