Ìkookò, Fèrè àti Fóònù: Ìtàn Ẹnu Àyálò Nínú Ìpolówó Ìtọ́jú Eyín

Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni àṣà tó gbòde báyìí, pé kí dókítà eyín sanwó fún gbajúmọ̀ orí Instagram tàbí TikTok kí ó lè bá a polówó ilé ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ ayélujára ló bí i. Ìtàn sọ nǹkan mìíràn: ó pẹ́ tí àwọn tó ń tọ́jú ara ènìyàn ti ń yá ẹnu ẹlẹ́nu. Ohun tó yí padà ni pé a kì í rí okùn owó náà mọ́.

Ẹni tó bá ń gbé Gomari, ní Maiduguri níbí, yóò ti mọ wanzami, onígbàjámọ̀ ilẹ̀ Haúsá tó tún ń kọlà, tó sì ń dá abẹ́ fún ọmọ. Iṣẹ́ àjogúnbá ni. Orúkọ ìdílé ló ń polówó rẹ̀. Àwọn ’yan kura kò gbára lé orúkọ ní tiwọn. Ìkookò, ọ̀bọ àti ejò ni wọ́n ń dà kiri ìlú. Ẹni tó bá wo àwòrán wọn tí Pieter Hugo, ọmọ South Africa, yà ní 2005 àti 2007 lè rò pé eré lásán ni. Oògùn ni wọ́n ń tà. Ìkookò á kó èrò jọ, oògùn á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni láwùjọ náà tó gbà pé ìkookò ti lo oògùn náà rí.

Ní ti eyín gan-an, Edgar Parker ni ìtàn rẹ̀ kún jù. Ó jáde ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín ní Philadelphia ní 1892. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìpolówó sí àbùkù, bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn kò yọjú. Ó bá bọ́ sí ìgboro, ó háyà àwọn afunfèrè, ó ń yọ eyín ní gbangba ní 50 sẹ́ǹtì, ó sì ṣèlérí dọ́là 5 fún ẹni tó bá dùn. Bí ẹni tó wà lórí àga bá ké, fèrè ni yóò bo igbe rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi eyín 357 ṣe ẹ̀gbà ọrùn, ó ní òun yọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí òfin California ní kí dókítà eyín máa lo orúkọ gidi nìkan, ó lọ yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Painless ní 1915, bí ẹni pé a sọ ọmọ ní Kì-í-dunni! Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bínú sí i gidigidi. Síbẹ̀, àwọn mẹ̀kúnnù tí agbára wọn kò ká dókítà mìíràn rí ìtọ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn dù ú.

Ojú gbogbo èrò ni afunfèrè Parker ti ń fun fèrè; wọ́n mọ̀ pé ó gbowó. Gbajúmọ̀ òde òní kì í fun fèrè. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọ̀rẹ́, ó ní, “Ibí ni mo ti ṣe eyín mi.” Kò sọ bóyá ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe é fún un. Kò sì sọ pé kí a tó lẹ veneer mọ́ eyín, a sábà máa ń há ara eyín náà, àti pé èyí tí a bá há kì í hù padà.

Ìgbìmọ̀ MDCN, tí òfin 1988 fún ní àṣẹ lórí àwọn dókítà àti dókítà eyín, ka kí dókítà máa polówó ara rẹ̀ láti fa aláìsàn sí ìwà tí kò bá iṣẹ́ mu. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó gbajúmọ̀. Òfin ARCON ti 2022 ló nasẹ̀ dé orí ìpolówó ayélujára. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC ti là á sílẹ̀ láti 2009 pé ẹni tó bá gba owó tàbí ẹ̀bùn kí ó tó yin ọjà lórí ayélujára gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Lójú tèmi, dókítà tó háyà ẹnu ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ́jọ́ ohun tí ẹnu náà sọ. N kò sọ pé kí àwọn dókítà dákẹ́ o. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹni tó ń ta oògùn kòkòrò eyín nínú ọkọ̀ kò ní í dákẹ́. Kí dókítà fúnra rẹ̀ kọ́ aráàlú nípa eyín yàtọ̀ sí kí ó ra ẹ̀rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà ti ní èrò lẹ́yìn lórí TikTok, ẹnìkan yóò sì fi irú owó bẹ́ẹ̀ lọ àwọn kan nínú wọn kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí NCE.