Orúkọ Yí Padà, Ilé Kò Kúrò: Ìtàn Àṣẹ mv

Ẹni tó bá ń gbé Bàrígà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan kó kúrò níbi tó wà, ọ̀tọ̀ sì ni kí orúkọ rẹ̀ yí padà. CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní erékùṣù Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1859, ti kó wá sí Bàrígà, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò yí. Yunifásítì Èkó tó wà ní Akọka, nítòsí wa níbí, kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2012, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé Moshood Abiola University ni yóò máa jẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà, àṣẹ kan ṣoṣo tó ní lẹ́tà méjì péré ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí: mv. Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, nítorí ó lè gba ẹni tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lọ́wọ́ ẹkún.

Ní ọdún 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Unix ní Bell Labs, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nínú ìwé ìlò rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1971, mv ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn kì í yá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, move, kúrú.

Kí ló dé tí àṣẹ kan fi ń ṣe iṣẹ́ méjì? Nínú Unix, ohun tó wà nínú fáìlì àti orúkọ fáìlì kì í gbé ojú kan náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí dísíìkì. Fódà wá dà bí ìwé tí olùkọ́ fi ń pe orúkọ ní kíláàsì: orúkọ rèé, nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Bí a bá yí orúkọ padà, ìlà kan la tún kọ nínú ìwé yẹn. Bí a bá gbé fáìlì lọ sí fódà mìíràn, a pa á rẹ́ nínú ìwé kan, a kọ ọ́ sínú òmíràn. Ìdí nìyí tí fíìmù ńlá fi ń gba orúkọ tuntun kí a tó ṣẹ́jú.

Ewu wà níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ìgbésẹ̀ bíi méjì ni: Unix á kọ orúkọ tuntun, lẹ́yìn náà á pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí iná bá lọ láàárín, orúkọ méjì ló máa kù sórí fáìlì kan. Ní ọdún 1983 ni àwọn ará Yunifásítì California ní Berkeley, nínú 4.2BSD, sọ ọ́ di ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Àwa tí iná ń lọ mọ́ lójú mọ iyì irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti MS-DOS, ren wà fún yíyí orúkọ padà láti ọdún 1981, ṣùgbọ́n ọdún 1993 ni move tó dé. Kó tó dé, àwọn ènìyàn á ṣe ẹ̀dà, wọ́n á wá pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Irú nǹkan báyìí ṣì ń ṣẹlẹ̀ bí a bá fi mv gbé fáìlì láti orí láptọ́ọ̀pù sí fláàṣì, nítorí dísíìkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, ẹ má yọ fláàṣì kó tó parí.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́:

mv ori1.docx ori-kinni.docx
mv ori-kinni.docx project/
mv -i final.docx project.docx

Ti àkọ́kọ́ yí orúkọ padà; èkejì gbé fáìlì sínú fódà. Ẹ má gbàgbé àmì tó wà lẹ́yìn project nínú èkejì. Bí kò bá sí i, tí fódà náà kò sì sí, fáìlì yín gan-an ni yóò máa jẹ́ project. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù. Bí project.docx bá ti wà tẹ́lẹ̀, mv lásán lè pa á rẹ́ láìbi yín léèrè, kò sì ní bọ́ sínú ibi tí a ń kó pàǹtí sí. -i ló ń mú kó kọ́kọ́ béèrè. Ní tirẹ̀, ren inú Windows kì í gbà rárá.

Ọ̀rọ̀ kù lórí àṣẹ. Kí a tó lè yí orúkọ fáìlì padà nínú Unix, a gbọ́dọ̀ ní àṣẹ lórí fódà tí orúkọ náà wà. Àṣẹ lórí fáìlì nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ Yunifásítì Èkó jọ èyí. Òfin ló dá a sílẹ̀, inú òfin sì ni orúkọ rẹ̀ wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn. Títí dòní, University of Lagos ló ń jẹ́.

Ní ọdún 2025, ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Bàrígà yí orúkọ ibùdókọ̀ Charly Boy padà sí ti Olamide, ọmọ àdúgbò wa. Awuyewuye pọ̀ lórí ìyẹn náà. Ènìyàn lè gbọ́ orúkọ tuntun kó ṣì máa pe ti àtijọ́, ọkọ̀ á sì dúró síbi tó yẹ. Kọ̀ǹpútà kò ní irú ọgbọ́n yẹn. Bí àwòrán inú iṣẹ́ yín bá ń jẹ́ maapu.png, tí ẹ sì sọ ọ́ di bariga.png, ètò tó ń wá maapu.png kò ní rí i mọ́.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó tẹ mv, ẹ fi ls wo inú fódà náà ná.