Ìwọ̀fà, oko kòkó àti ọmọ tó fẹ́ di dókítà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí: dógò. Bí ẹ bá ra búrẹ́dì, tí tiransifáà yín kọ̀ tí kò wọlé, ẹ lè fi fóònù yín dógò lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì kí ẹ sáré lọ mú owó wá. Gbogbo wa là ń sọ ọ́ láìronú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlùfáà Samuel Johnson ń kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, tó parí rẹ̀ lọ́dún 1897, ọ̀rọ̀ yẹn le ju báyìí lọ. Bí gbèsè bá pẹ́ jù, olówó á rán ológò lọ jókòó sílé onígbèsè. Á máa pariwo, á máa bú èèyàn, á máa pàṣẹ oúnjẹ bíi pé ilé bàbá rẹ̀ ni, adìẹ tó bá sì kọjá níwájú rẹ̀ di tirẹ̀. Kò ní dìde títí owó á fi jáde. Ẹ̀yin tí àwọn ayánilówó orí fóònù ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ pé onígbèsè ni yín, ẹ ti rí ológò rí. Ó kàn ti ra dátà ni.

Ẹni tí kò bá fẹ́ rí ológò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á lọ fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ẹ má pe ìwọ̀fà ní ẹrú o. Ọmọ ìlú ni, wọn kò lè tà á, ìdílé rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àgbàlagbà tó bá jẹ́ ìwọ̀fà á ṣiṣẹ́ lóko olówó rẹ̀ fún apá kan ọjọ́, á wá lọ sóko tirẹ̀. Ọmọdé ní tirẹ̀ á máa gbé lọ́dọ̀ olówó. Onígbọ̀wọ́ á wà láàárín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀ ni pé gbogbo iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe yìí, kò yọ kọ́bọ̀ kan kúrò nínú gbèsè. Èlé lásán ni. Bó bá lo ọdún mẹ́wàá nídìí rẹ̀, iye tí bàbá rẹ̀ yá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Kí ló mú mi ronú kan ìwọ̀fà? Àbúrò mi obìnrin ni. Ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Máàkì rẹ̀ dára, àmọ́ kò tó èyí tí Yunifásítì Ìbàdàn ń béèrè, ni yunifásítì aládàáni kan bá gbà á. Màámi ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà'ba, ó sì ti pẹ́ tó ti ń kówó sí báǹkì kan. Báǹkì yìí ní àwọn lè fún un ní ohun tí wọ́n ń pè ní line of credit. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: wọ́n á ya iye kan sọ́tọ̀ fún ọ, wàá máa bù ú bí o bá ṣe nílò rẹ̀, èyí tí o bá bù nìkan ni èlé á máa gùn. Bó ò bá bù ú, èlé ò sí. Bí o bá dá a padà, o tún lè bù ú. Tí o bá ń san èlé lóṣooṣù, wọn ò ní da ojú owó gan-an mọ́ ọ lára.

Ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kà.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó ń fòfin lé ìwọ̀fà lọ, ọgbọ́n rẹ̀ kò kú, oko kòkó ló kó lọ. Àgbẹ̀ tó bá nílò owó á fi oko kòkó rẹ̀ dógò. Olówó á máa ká kòkó náà, á máa tà á, á máa jẹ ẹ́, títí dọjọ́ tí àgbẹ̀ bá mú odidi owó wá. Kòkó tó ti ká kò sí nínú ìṣirò. Igi wá di ìwọ̀fà. Ìyàwó, òkú, ẹjọ́, owó ilé-ìwé ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń torí ẹ̀ yáwó bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá ń sanwó fún àwọn dókítà wa àkọ́kọ́? Lọ́dún 1855, iléeṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọ̀dọ́ kan láti Sàró lọ sí King's College ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n lè kọ́ ìṣègùn. William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wà lára wọn, òun àti Africanus Horton. Wọn kò san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe tán, iṣẹ́ dókítà ológun ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ń dúró dè wọ́n. Ara wọn ni wọ́n fi san án.

Ní Ìbàdàn níbí, ẹni tó lówó ló ń rán ọmọ lọ. Sàlámì Àgbàjé, oníṣòwò ńlá tó tún di Ọ̀tún Balógun, fi owó ara rẹ̀ rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sókè òkun. Ọ̀kan di agbẹjọ́rò, èkejì, Anthony Saka Àgbàjé, di dókítà, wọ́n sì ń ka àwọn méjèèjì sí ọmọ Ìbàdàn àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ yẹn. Ọrọ̀ bàbá wọn ò jẹ́ kí àwọn ìjòyè yòókù sinmi. Nígbà tó yá wọ́n fẹ̀sùn kàn án kí wọ́n lè rọ̀ ọ́ lóyè, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ Butcher kalẹ̀ lọ́dún 1951 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìtàn yẹn tó ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà là díẹ̀. University College dé Ìbàdàn lọ́dún 1948, ọsibítù Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu sì wà lára ibi tí àwọn ọmọ ìṣègùn ti kọ́ṣẹ́ kí UCH tó ṣí lọ́dún 1957. Ìjọba Ìwọ̀-oòrùn, láti Sẹ́kítéríàtì tó wà ní Agodi wa níbí, ń fún àwọn ọmọ ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. (Agodi kan náà ni tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1959. Èmi tí mò ń ṣe ètò orí afẹ́fẹ́, mi ò lè dákẹ́ nípa ìyẹn.)

Ọ̀fẹ́ la pè é, àmọ́ owó yẹn ní orírun. Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ń san iye tó kéré sí èyí tó ń tà á lókè òkun, ìjọba sì ń ná lára ohun tó ṣẹ́ kù. Lójú tèmi, àgbẹ̀ tó wà lábúlé tún di ìwọ̀fà, lọ́tẹ̀ yìí fún ọmọ tí kò mọ̀ rí. Nígbà tí owó orí wá gorí ẹ̀ lọ́dún 1968, wọ́n faraya. Àgbẹ́kọ̀yà dé Mápó, ìbọn dún, èèyàn kú. Lọ́dún 1969, wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn àti Sẹ́kítéríàtì tí wọ́n ti ń buwọ́ lu ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, àdúgbò kan náà ni wọ́n wà.

Ìjọba àpapọ̀ dá bọ́ọ̀dù ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1972, ọ̀pọ̀ ò san án padà. Wọ́n sọ ọ́ di báǹkì ẹ̀kọ́ lọ́dún 1993, ìyẹn náà ò lọ jìnnà. NELFUND tó wà báyìí, òfin ọdún 2024 ló gbé e ró. Kò ní èlé. Yunifásítì ló ń san owó ilé-ìwé fún tààrà, ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù, ó sì di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí sísan tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún. Ọmọ aládàáni, kó lọ wá nǹkan ṣe.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Kánádà ní kí lẹ̀ ń bẹ̀rù, pé báyìí ni gbogbo ọmọ ìṣègùn ibẹ̀ ń ṣe. Òótọ́ ni pé àwọn báǹkì ibẹ̀ ń fún wọn ní line of credit tó lè tó 300,000 dọ́là, èlé nìkan ni wọ́n sì ń san nílé-ìwé. Ṣùgbọ́n èlé tibẹ̀ kì í sábà kọjá ìka ọwọ́ méjì. Iṣẹ́ tí ọmọ náà máa ṣe lọ́la ni báǹkì ń wò, kì í ṣe ilé ìyá rẹ̀. Níbí, CBN gbé ìwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5% ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, orí ẹ̀ ni àwọn báǹkì ń gbé tiwọn lé.

Mo wá jókòó, mo ṣírò. Ká fi 5 mílíọ̀nù náírà lọ́dún ṣe àpẹẹrẹ, ká fi èlé sí 30%. Lọ́dún àkọ́kọ́, Màámi á máa san 125,000 lóṣooṣù. Lọ́dún kejì, nígbà tó bá tún bu 5 mílíọ̀nù, ó di 250,000. Lọ́dún kẹfà, 750,000 lóṣù. Bí ẹ bá ro gbogbo èlé ọdún mẹ́fà pọ̀, 31.5 mílíọ̀nù ni, 30 mílíọ̀nù tó yá sì ń wò ó lójú. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò gba ohun tó sún mọ́ 750,000 yẹn lóṣù. Èlùbọ́ l'Ọ́jà'ba ò mú un wá rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á síbẹ̀, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ báǹkì kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ṣé èlé lè yí padà láàárín ọdún? Ṣé wọ́n lè ní kí ẹ kó gbogbo owó wá lójijì? Ṣé ọdọọdún ni wọ́n á máa tún un ṣe, àbí ó máa dúró títí ọmọ á fi jáde? Tó bá jẹ́ ilé-ìwé ìjọba lẹ fẹ́ fi san, ẹ rántí ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022, tó gba oṣù mẹ́jọ. Kíláàsì dúró. Èlé kì í yanṣẹ́ lódì.

Báǹkì tún béèrè ìwé ilé. Ilé ẹbí wa ní Bẹẹrẹ kò ní C of O, bó bá tiẹ̀ ní, kò lè di ìdógò láìsí ìfọwọ́sí gómìnà, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ṣe là á. Màámi ṣì lọ bá mọ́gàjí wa. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ìyá Fẹ́mi, ṣé ọmọ ni wọ́n ń yáwó fún, àbí ilé?" Màámi ní, "Ọmọ ni, bàbá." Bàbá ní kí wọ́n fi ọmọ dógò nígbà náà, kí wọ́n yéé wo ilé. Wọn ò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ibi tá a bá a dé rèé. Màámi gba line of credit náà, kékeré, ọjà rẹ̀ nìkan ló wà fún, kó lè ra iṣu gbígbẹ nígbà tó bá wọ́n ọ̀pọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ á sanwó lẹ́sìnnì. Àbúrò mi á tún JAMB ṣe, Ìbàdàn ló máa mú. Láti ọjọ́ Sunday kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, torí èmi ni mo ṣe ìṣirò yẹn, èmi náà ni mo kà á sí Màámi létí.