Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ Ọyàn: Ìtàn Bí Apá Ṣe Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Síbẹ̀, nínú ìtàn ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ọyàn, ìgbà kan wà tí àwọn oníṣègùn gbà pé bí gígé bá ṣe pọ̀ tó ni ìwòsàn yóò ṣe dájú tó. Obìnrin tí ó bá yè é yóò máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí òun kù. Ẹni tí yóò bi í léèrè bóyá ó lè nawọ́ mú igbá lórí pẹpẹ, bóyá ó lè di irun ara rẹ̀, tàbí bóyá ó lè pọn ọmọ, kò wọ́pọ̀. Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lónìí. Báwo ni ayé ṣe kúrò níbi tí wọ́n ti ń sọ fún obìnrin pé kí ó má fi apá yẹn ṣe ohunkóhun tí ó le mọ́, tí a fi dé ibi tí dókítà fúnra rẹ̀ ń gbà á níyànjú pé kí ó rìn, kí ó na apá, kí ó sì gbé irin?

Ní ọdún 1882 ni oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà kan, William Halsted, bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ abẹ tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní ọdún 1894, nígbà tí ó ti wà ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, ó tẹ ìròyìn jáde nípa obìnrin 50 tí ó ti ṣe é fún. Kì í ṣe ọyàn nìkan ni Halsted ń gé. Ó ń gé iṣan ńlá àyà tí ó wà lábẹ́ ọyàn, ó sì ń kó àwọn kókó inú abíyá kúrò. Èrò rẹ̀ ni pé ìpele-ìpele ni jẹjẹrẹ ń gbà ti inú ọyàn tàn sí ohun tí ó yí i ká, nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ borí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gé kọjá ibi tí ó dé. Jẹjẹrẹ tí ó máa ń tún hù lójú egbò dínkù púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. A kò gbọdọ̀ fi ìyìn yìí dù ú.

Ṣùgbọ́n iṣan àyà yìí ni a fi ń ti ilẹ̀kùn, òun ni a fi ń gba ọmọ mọ́ra, òun náà ni ó ń ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ odó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sínú odó. Àwọn kókó abíyá náà ní iṣẹ́ tiwọn, nítorí ibẹ̀ ni omi ara tí ó ń ti apá bọ̀ ń gbà kọjá kí ó tó padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá kó wọn kúrò, omi náà lè dúró sínú apá, kí apá wú, kí ó wúwo, kí egbò kékeré sì tètè di ńlá níbẹ̀. Àpá iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú a máa sún kì, èjìká a sì le gbagidi. Halsted mọ èyí. Nínú ìròyìn ọdún 1894 yẹn, ó kọ ọ́ pé àìlera apá, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, ohun kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí aláìsàn. Ó tún tọ́ka sí i pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn obìnrin náà súnmọ́ ọdún 55, àti pé wọn kì í ṣe ẹni tí ó tún ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ láwùjọ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ yìí wé ohun tí ojú wa ń rí. Obìnrin ẹni ọdún 55 ni ó ń ṣe ìyálọ́jà, òun ni ó ń tú ẹrù nínú ọkọ̀ ní ìdájí, òun náà ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kí ó wá wẹ ọmọ tuntun. Ẹ̀mí tóbi ju apá lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni obìnrin gbọ́dọ̀ mú?

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ìbéèrè yìí ṣe iṣẹ́ níwájú gbogbo ayé kì í ṣe dókítà. Terese Lasser ni orúkọ rẹ̀, ìlú New York ni ó ń gbé, ọdún 1952 sì ni wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ Halsted fún un. Nígbà tí ó lajú, ó rí i pé kò sí ẹni tí ó lè sọ fún òun bí òun yóò ṣe máa lo apá, irú aṣọ tí òun yóò máa wọ̀, tàbí ohun tí òun yóò sọ fún àwọn ará ilé. Ó wá ìdáhùn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́bàá ibùsùn àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ohun tí ó ń kó lọ́wọ́ kò ju bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré tí wọn yóò máa fún lọ́wọ́, àti okùn tí wọn yóò gbé kọ́ orí ilẹ̀kùn, tí wọn yóò máa fi apá kan fa èkejì sókè. Ó ń kọ́ wọn pé kí wọ́n dojú kọ ògiri, kí wọ́n máa fi ìka gùn ún lọ sókè, kí ibi tí ìka dé lónìí ga ju ti àná lọ.

Inú àwọn dókítà kan kò dùn sí i. Wọ́n ní kí ni ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn ń wá lẹ́bàá aláìsàn? Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin mọ ohun tí wọ́n rí gbà. Ètò náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Reach to Recovery, gbilẹ̀ títí tí American Cancer Society fi gbà á wọlé ní ọdún 1969. Ní ọdún 1974, Betty Ford, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣe iṣẹ́ abẹ ọyàn, kò sì fi í pa mọ́. Láìpẹ́ sígbà náà, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní ilé ìwòsàn níbi tí ó ti ń ju bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Àwòrán kan ṣoṣo yẹn sọ ohun púpọ̀ fún àwọn obìnrin tí wọ́n rò pé apá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ti di apá ẹlòmíràn.

Bí àwọn obìnrin ti ń gba agbára wọn padà ni ọ̀bẹ náà ń rọlẹ̀. Ní ọdún 1948, David Patey ní ìlú London ti ṣàlàyé bí a ṣe lè gé ọyàn kí iṣan ńlá àyà sì wà níbẹ̀. Láti ọdún 1971, Bernard Fisher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí tí ó fi iṣẹ́ abẹ ńlá wé kékeré. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1985 fi hàn pé gígé ju bó ti yẹ lọ kò fi ọjọ́ kún ẹ̀mí. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn oníṣẹ́ abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kókó kan tàbí méjì péré nínú abíyá láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ti dé ibẹ̀, dípò kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Bí kókó tí a yọ bá ṣe kéré tó ni ewu wíwú apá ṣe ń dínkù.

Apá kejì ìtàn yìí ni ti àtúnṣe ọyàn. Ó dùn mọ́ni pé a lè tún ọyàn mọ, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń mọ ọ́ kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní ọdún 1906, Iginio Tansini ní orílẹ̀-èdè Ítálì yí awọ ẹ̀yìn àti iṣan fífẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ wá síwájú láti bo àyà. Iṣan yẹn ni a fi ń fa omi nínú kànga. Ní ọdún 1962, Thomas Cronin àti Frank Gerow ní ìlú Houston fi àpò sílíkónì sínú ọyàn obìnrin fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń lò ó fún àwọn tí wọ́n ti gé ọyàn wọn, abẹ́ iṣan àyà sì ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, tí iṣan yóò wá nà, tí yóò sì máa ro obìnrin bí ó bá ń ti nǹkan. Ní ọdún 1982, Carl Hartrampf ní ìlú Atlanta gbé ọ̀rá, awọ àti iṣan ikùn lọ sókè láti fi ṣe ọyàn. Ọyàn náà dára, ó sì rọ̀, ṣùgbọ́n iṣan ikùn ni a fi ń dìde láti orí ẹní. Àwọn obìnrin kan rí i pé dídìde di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ti ara wọn ṣe.

Àṣìṣe Halsted ni ó fẹ́ tún wáyé lọ́nà mìíràn: kí á wo ojú ara, kí á gbàgbé iṣẹ́ tí ara ń ṣe. Èyí ni ó mú kí àwọn oníṣẹ́ abẹ bíi Isao Koshima ní Japan ní ọdún 1989, àti Robert Allen ní New Orleans ní ọdún 1994, ṣe ọ̀nà tí a fi ń gbé ọ̀rá àti awọ ikùn pẹ̀lú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín, tí iṣan yóò sì kù sípò rẹ̀. Ní ọdún 1998, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé ilé iṣẹ́ adójútòfò tí ó bá ń san owó gígé ọyàn gbọ́dọ̀ san ti àtúnṣe rẹ̀ àti ti ìtọ́jú apá wíwú.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù kan kò tíì kúrò nílẹ̀. Títí di àwọn ọdún 1990, ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí obìnrin tí wọ́n ti kó kókó abíyá rẹ̀ má ṣe gbé ẹrù wúwo, kí ó má sì fi apá ṣe iṣẹ́ líle lemọ́lemọ́, kí apá má baà wú. Don McKenzie, dókítà eré ìdárayá ní yunifásítì British Columbia ní Kánádà, fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ní ọdún 1996, ó kó obìnrin 24 tí wọ́n ti ní jẹjẹrẹ ọyàn jọ ní ìlú Vancouver, ó ní kí wọ́n wá wa ọkọ̀ ojú omi gígùn tí wọ́n gbẹ́ orí dírágónì sí iwájú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Ṣáínà fi ń díje níbi ọdún wọn. Iṣẹ́ tí ó lágbára jù fún apá, àyà àti ẹ̀yìn kò wọ́pọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbára dì, wọ́n sì fi kún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá wọ inú omi lọ díje. Nígbà tí McKenzie tẹ èsì jáde ní ọdún 1998, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí apá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wú. Lónìí, irú ẹgbẹ́ awakọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Obìnrin 24 kò pọ̀ tó láti fi yí àṣà oníṣègùn padà. Kathryn Schmitz ní yunifásítì Pennsylvania ni ó wá fi ìwádìí ńlá tì í lẹ́yìn. Ó mú obìnrin 141 tí apá wọn ti wú tẹ́lẹ̀, ó ní kí ìlàjì wọn máa gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọdún kan. Irin fífúyẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń wọ aṣọ fífún sí apá. Èsì ọdún 2009 fi hàn pé apá wọn kò wú ju ti àwọn tí kò gbé irin lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìnira apá dínkù fún wọn, agbára wọn sì pọ̀ sí i. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìwádìí mìíràn lórí obìnrin 154 tí apá wọn kò tíì wú fi hàn pé gbígbé irin kò mú kí apá wú.

Kí ni gbogbo èyí wá túmọ̀ sí fún obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé? Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mímí kanlẹ̀, ṣíṣí ọwọ́ àti pípa á dé, títẹ ìgúnpá àti rírìn díẹ̀ nínú ilé tó. Bí rọ́bà tí ń fa omi egbò bá ṣì wà lára, kí ó má gbé apá ga ju èjìká lọ àfi bí oníṣẹ́ abẹ bá yọ̀ǹda. Ẹrù wúwo gbọ́dọ̀ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí wọ́n tún ọyàn rẹ̀ mọ. Ẹni tí wọ́n mú ẹran ikùn rẹ̀ lè kọ́kọ́ máa rìn ní ìtẹ̀ba, kò sì gbọdọ̀ sáré bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá ikùn. Ẹni tí àpò sílíkónì wà lábẹ́ iṣan àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó fi ọwọ́ méjèèjì ti ohun líle. Bí apá bá wú, tí ó pọ́n, tí ó gbóná, tàbí tí ibà dé, ilé ìwòsàn ni ọ̀nà, kì í ṣe ìfọwọ́ra ilé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìfẹ́ ni ó sábà máa ń dí ìgbàpadà agbára lọ́wọ́. Ọmọ yóò gba korobá lọ́wọ́ ìyá, ìyàwó ilé yóò gba ọmọ odó, gbogbo ẹbí yóò ní, "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, Màmá." Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn yẹ. Bí ó bá di oṣù kẹfà, èjìká yóò ti le, Màmá yóò sì ti gbà pé òun kò wúlò mọ́, gẹ́gẹ́ bí Halsted ṣe rò nípa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1894. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà iye tí ó lè gbé lóṣù yìí, kí ó bá a rìn dé ìkóríta ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì fà á lé ọ̀dọ̀ onímọ̀ ìtọ́jú iṣan àti eegun tí ilé ìwòsàn náà bá ní. Nígbà tí ó bá tó àkókò, kí wọ́n fi korobá náà sílẹ̀ fún un, kí omi inú rẹ̀ kọ́kọ́ mọ ní ìdajì.