Iná Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ rí yóò mọ iná kékeré kan tó máa ń tàn níwájú dírẹ́bà, tí àwòrán ẹ́ńjìnnì wà lára rẹ̀. "Check engine" ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tó tàn nínú jíìpù tèmi, ọkọ̀ náà ń sáré dáadáa, kò sì mu epo ju bó ti yẹ lọ. Òórùn bẹntiróòlù nìkan ló ń rùn lẹ́yìn ọkọ̀ bí oòrùn bá ti pa á. Àwọn ọmọ mi a sì fi ọwọ́ di imú.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá wò ó lóréfèé, ó ní pọ́ǹpù tó ń fa epo ló bàjẹ́. Mo sanwó, ó pààrọ̀ rẹ̀. Iná kò kú. Ó tún ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ agolo dúdú abẹ́ ọkọ̀ yìí dànù. Àwọn òyìnbó ló kàn fi síbẹ̀, kò wúlò fún wa níbí. Ká sì yọ gílóòbù iná yẹn pẹ̀lú." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo fẹ́ mọ ìdí tí òyìnbó fi fi í síbẹ̀. Ìtàn tí mo bá pàdé nìyí.

Ní ọdún 1943, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, èéfín kan sọ̀kalẹ̀ bo ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ojú ń ta àwọn ènìyàn, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn wọ́n. Àwọn kan rò pé àwọn ará Japan ló fi gáàsì olóró kọ lù wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n di ẹ̀bi ru ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe èròjà rọ́bà. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, síbẹ̀ èéfín kò lọ. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ibòmíràn ni wọ́n ń wò.

Ẹni tó wá rí kòkòrò náà ni Arie Haagen-Smit, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń ṣiṣẹ́ ní Caltech ní ìlú Pasadena. Iṣẹ́ ìwádìí lórí ohun tó mú kí ọ̀pẹ òyìnbó máa ta sánsán ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó pa á tì, ó dojú kọ afẹ́fẹ́ ìlú. Ní 1952 ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: epo tó di afẹ́fẹ́, tó pàdé èéfín ọkọ̀, tí oòrùn wá pa wọ́n pọ̀, òun ló ń di májèlé tí wọ́n ń pè ní ozone. Ó ká rọ́bà, ó gbé e sínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, rọ́bà náà sì là. Bí rọ́bà bá là, kí ni ká sọ ti ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn?

Kì í ṣe ẹnu sàlẹ́ńsà nìkan ni epo yìí ń gbà jáde o. Èyí tó wà nínú táǹkì náà ń fò lọ nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ sínú oòrùn, tí ẹ́ńjìnnì ti kú. Nítorí náà ni ìjọba California fi pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tuntun ti ọdún 1970 ní ohun tí yóò dá a dúró. Ní 1971, òfin náà kan gbogbo Amẹ́ríkà.

Iṣẹ́ agolo dúdú náà nìyẹn. Èédú ló wà nínú rẹ̀. Bí òwú ti ń fa omi ni èédú yìí ń fa afẹ́fẹ́ epo mọ́ra. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá ń ṣiṣẹ́, fáàfù kan á ṣí, ẹ́ńjìnnì á fa epo náà, á jó o. Epo tí à bá pàdánù di èyí tí a fi rìn. Nígbà tó di 1996, òfin ní kí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ máa yẹ ara ọkọ̀ wò. Á dé gbogbo ojú ihò pa, á wò ó bóyá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń jò. Ihò tí kò ju mìlímítà kan lọ tó láti tan iná.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá ọ̀gá mìíràn ní Mushin. Ó ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, nọ́ńbà P0455 jáde. Ó ní, "Bùọ̀dá, nọ́ńbà yìí kò sọ ohun tó bàjẹ́. Ó kàn sọ pé ibì kan ń jò gan-an ni. Àwa la máa wá a." Ó kọ́kọ́ yẹ ìdérí táǹkì wò, nítorí òun ló rọrùn jù. Rọ́bà rẹ̀ ti là. A ra òmíràn, ó pa iná náà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta ó tún tàn. Ó wá fi ẹ̀rọ fẹ́ èéfín sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ epo náà, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀. Èéfín kì í ṣeé bò: ó yọ lára rọ́bà tó wọnú agolo dúdú, níbi tó ti gbó. Rọ́bà tí kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́! Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú owó pọ́ǹpù tí mo ti fi ṣòfò.

Ó bi mí pé ṣé mo máa ń mi ọkọ̀ nílé epo kí ó lè gbà sí i. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni kì í ṣe é nígbà tí epo bá wọ́n? Ó ní kí n jáwọ́, pé epo tó bá kún àkúnya lè ṣàn wọnú èédú, èédú náà á sì bàjẹ́.

Haagen-Smit kú ní 1977. Afẹ́fẹ́ Los Angeles kò tíì mọ́ tán, ṣùgbọ́n ó sàn ju ti ayé ìgbà náà lọ púpọ̀. Àwa tí à ń ra ọkọ̀ wọn, ẹ má jẹ́ ká máa gé ohun tí wọ́n fi ojú tó ń ta àti ọ̀fun tó ń dùn kọ́ dànù. Ẹni tó yọ gílóòbù, ajá tó ń gbó ló pa. Olè ṣì wà nínú ilé.

Ní tèmi, iná ti kú. Àwọn ọmọ kò sì di imú mọ́.