Ilé Kì í Ṣe Ògiri Nìkan: Ìgbàgbọ́ àti Òótọ́ nínú Ìtàn Títún Ìsàlẹ̀ Èkó Ṣe

Ìfáárà

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà "ilé" kò mọ sí ohun tí a fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì kọ́. Bí àgbàlagbà bá bi ọmọdé pé, "Ọmọ ilé ta ni ọ́?", ìdílé ni ó ń béèrè, kì í ṣe ọ̀dà tí a fi kun ògiri. Nígbà tí àwọn àgbà sì sọ pé ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, kò sí ẹni tí ó ń gbójú sókè wo òrùlé. Ilé lè dàrú nígbà tí ògiri rẹ̀ ṣì dúró gbọn-in. Ìtumọ̀ méjì yìí, ilé gẹ́gẹ́ bí ògiri àti ilé gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, ni ó forí gbárí ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti ọdún 1955. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fi hàn bí ìgbàgbọ́ àwọn aláṣẹ àti ti gbogbo ayé nípa ilé ṣe lè jìnnà sí òótọ́ tó.

Orísun ìgbàgbọ́ náà

Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Kòkòrò ara eku ni ó ń kó o ran ènìyàn, àwọn ilé tí ó fún mọ́ra wọn sì jẹ́ ibùba fún eku. Ní ọdún 1928, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, Lagos Executive Development Board, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB, láti wó ilé àtijọ́, kí ó la ọ̀nà, kí ó sì pín ilẹ̀ tuntun. Yábà wà lára àwọn ibi tí ìgbìmọ̀ náà ṣètò fún ibùgbé.

Kò sí àní-àní pé èrò pọ̀ jù ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìdọ̀tí sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ara òótọ́ yìí ni ìgbàgbọ́ mìíràn ti hù: pé àwọn tí ń gbé inú ilé bẹ́ẹ̀ fúnra wọn jẹ́ aláìní àti aláìlétò. Bí òmìnira ṣe ń sún mọ́lé, ojú ń ti àwọn aláṣẹ pé kí àlejò dé olú-ìlú kí ó sì bá irú ilé bẹ́ẹ̀ láàárín rẹ̀. Ní ọdún 1955, wọ́n ya nǹkan bí eéká 70 sọ́tọ̀ fún wíwó, wọ́n sì ń kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí a ó kó kúrò.

Òótọ́ tí ó wà nílẹ̀

Ní ọdún 1958 sí 1959, onímọ̀ nípa àwùjọ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti ti Sùúrùlérè lẹ́nu wò. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí ta ko ìgbàgbọ́ tí ó gbilẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta.

Èkínní, ìgbàgbọ́ ni pé ayálégbé tí kò ní ibi tí yóò lọ ni ó kún ibẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ onílé, tí ń gbé inú ilé ẹbí láìsan owó ilé. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹnì kan kò sì lè dá a tà. Níbẹ̀ ni opó ń padà sí, níbẹ̀ ni ọmọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń forí pamọ́ sí.

Èkejì, ìgbàgbọ́ ni pé ìrúkèrúdò ni ìgbésí ayé tí ó fún mọ́ra bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ètò wà nínú rẹ̀. Ọjà kò jìnnà sí ìyálọ́jà, oníbàárà kò jìnnà sí aránṣọ, ọmọ kò sì jìnnà sí ìyá arúgbó tí ó ń bọ́. Ìtòsí yìí gan-an ni ọrọ̀ àwọn tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, ìgbàgbọ́ ni pé ẹni tí ó bá dé ilé tuntun ti rí ayé tuntun. Òótọ́ ni pé ilé Sùúrùlérè dára: afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, ó sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n owó ilé dé ní oṣooṣù, owó ọkọ̀ sí erékùṣù Èkó dé lójoojúmọ́. Oníṣòwò kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà rẹ̀. Àwọn ẹbí fọ́n káàkiri. Ẹni tí ń jẹun lọ́wọ́ ọmọ mẹ́ta kò rí ju ọ̀kan lọ mọ́. Orúkọ Sùúrùlérè ṣèlérí èrè fún onísùúrù, ṣùgbọ́n gbèsè ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Ìjọba ní onílé lè ra ilẹ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn àtúnṣe, ṣùgbọ́n ní iye tí ó ju èyí tí a san fún un lọ. Ilé ẹbí tí ó ti pín owó gbà-máà-bínú láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ, níbo ni yóò ti rí i?

Ìgbàgbọ́ tí kò kú

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò, wọ́n sì lé nǹkan bí 300,000 ènìyàn kúrò. Wọ́n ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, omi lè bò ó, ibùgbé náà kò sì yẹ ọmọ ènìyàn. Díẹ̀ nínú wọn ni ó rí yàrá gbà ní Ìlàsàn, Ìkọ̀tà àti Ẹ̀pẹ́. Lórí ilẹ̀ kan náà tí a ní omi yóò bò ni ilé olówó gọbọi ti hù lẹ́yìn náà.

Ìkádìí

Ìtàn yìí kò sọ pé kí a fi ilé tí ń kó àrùn ranni sílẹ̀ bí ó ti wà. Eku ni ó yẹ kí a lé, omi tó mọ́ ni ó yẹ kí a fà wọlé, ojú àgbàrá ni ó yẹ kí a là. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ka yàrá láìka ẹni tí ń sùn nínú rẹ̀ kò tíì ka ilé. Èdè Yorùbá ti fi ìtumọ̀ méjèèjì sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣètò ìlú ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, ògiri ni wọ́n rò pé àwọn ń wó. Ilé ni wọ́n tú.